Àwọn èèyàn Iléṣà láyé amúnisìn: yàtọ̀ sí ọba àti ìjòyè, ta ló kù, níbo la ti máa rí wọn?

Akọ̀wé Ìjọ̀kà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọmọ Obòkun. Ẹgbẹ́ àdúgbò wa fẹ́ ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan lórí àwọn èèyàn tó gbé Iléṣà ró láyé òyìnbó, láti ìgbà tí ogun Kírìjì tú ká ní 1893 títí di òmìnira 1960. Orúkọ tó wà nílẹ̀ báyìí, bí kì í bá ṣe ọba, ìjòyè ni. Bí kì í bá ṣe ìjòyè, àlùfáà ni. Kò sí lébìrà kan, kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí obìnrin kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mọ ibi tí orúkọ àwọn yòókù wà, kó jọ̀ọ́ bá wa dá sí i. Ẹ má wulẹ̀ ní ká lọ bi àwọn àgbà o. Ẹ sọ ohun tí a máa bi wọ́n.

Bàbá Àkájọ

Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé. Kí á tó kan mẹ̀kúnnù, ẹ tún ọjọ́ àwọn ẹni ńlá yẹn yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ìwé pẹlẹbẹ ti máa ń ṣìnà.

Iléṣà bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn ní 1870. Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 23 oṣù kẹsàn-án 1886, ṣùgbọ́n ìjà kò tán nílẹ̀ Yorùbá títí di 1893. Ẹni tó bá ní 1886 ni ogun parí kò purọ́, ẹni tó bá ní 1893 náà kò purọ́. Ohun tó burú ni kí ẹ lo ọ̀kan lójú ewé kẹta, kí ẹ lo èkejì lójú ewé kẹsàn-án, kí ẹ má sì ṣàlàyé.

Ògèdèngbé: Bower, ọ̀gágun òyìnbó tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó, ló mú un ní 1894, tó gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Ìwó. Ó padà wálé, ó joyè Ọbańlá ní 1898, ó sì kú ní oṣù keje 1910. Ẹ má kọ ọ́ pé ó jọba.

Haastrup méjì ló wà, wọ́n sì ń pa wọ́n pọ̀ nígbà gbogbo. Frederick Kúmókùn Haastrup ni Ọwá Àjímókò Kìíní, 1896 sí 1901, Mẹ́tọ́díìsì paraku. Joseph Pythagoras Haastrup, ẹlòmíràn ni: oníṣòwò ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Èkó, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún kan ilẹ̀ Rẹ́mọ gan-an. Àjímókò náà, méjì ni: ìkejì jẹ láti 1942 sí 1956. Tí ìwé àtijọ́ bá kàn ní "Ọwá Àjímókò" láìsí ọdún, ẹ má tíì gbé e sínú àkọsílẹ̀ yín.

Ọmọ Aláṣọ

Ẹ fi ọ̀ṣómàáló, ìyẹn iṣẹ́ aṣọ títà láwìn káàkiri, ṣáájú gbogbo iṣẹ́ yòókù. Ó ṣòro láti rí agbo ilé kan ní Iléṣà tí ẹnì kan kò ti ṣe é rí, síbẹ̀ "oníṣòwò" lásán ni wọ́n ń kọ sára ibojì wọn.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin á kọ́kọ́ sin ọ̀gá fún ọdún mélòó kan. Á máa ru ẹrù aṣọ, á máa mọ ọ̀nà, á sì máa mọ ojú ẹni tó ń san gbèsè yàtọ̀ sí ti ẹni tó máa sá. Bí ọ̀gá bá tú u sílẹ̀, á gba aṣọ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ òyìnbó tàbí lọ́wọ́ ọ̀gá náà, lọ́pọ̀ ìgbà láwìn. Ojú irin kò gba Iléṣà kọjá. Òṣogbo ló dé ní 1907, nǹkan bí ogún máìlì sí wa, ibẹ̀ sì di orísun ọjà. Láti ibẹ̀, aṣọ á gba orí èèyàn, lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́ àti lọ́rì, lọ sí àwọn abúlé Èkìtì, Àkókó, títí dé Kàbà àti ilẹ̀ Núpé. Iye tí wọ́n ń ta á láwìn ju ti owó ọwọ́ lọ. Àfikún yẹn ni èrè, òun náà ni owó ewu. Oníbàárà á san díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìyókù á di ìgbà ìkórè. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò jáde, aláṣọ á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láàárọ̀ kùtù, kò sì ní dìde.

Ibi tí ọwọ́ ti máa ń já: ọmọṣẹ́ lè gba owó kó jẹ ẹ́; wọ́n lè ta àwìn jù fún agbo ilé kan; owó kòkó sì lè já lulẹ̀ láàárín ọjọ́ tí wọ́n ta aṣọ àti ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n san, bó ṣe rí lẹ́yìn 1929. Ẹni tó gba aṣọ láwìn ní Òṣogbo tó tún tà á láwìn ní Àkókó, àárín gbèsè méjì ló há sí.

Nítorí náà, ẹ má bi ọmọ wọn pé "ṣé oníṣòwò ni bàbá yín?" Ẹ bi í pé: ọ̀nà wo ni bàbá ń ná? Ta ni bàbá sìn? Ta ló sin bàbá? Abúlé wo ló fi ṣe ibùdó, ṣé ó fẹ́yàwó níbẹ̀? Ìwé àwìn rẹ̀ ńkọ́? Ìwé àwìn kan ṣoṣo, bí ikán kò bá tíì jẹ ẹ́, orúkọ àti abúlé àti iye owó ló kún inú rẹ̀.

Ọ̀dọ́ Bólórundúró

Ẹ̀gbọ́n, mo rí "£3 7s 6d" nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa kà á?

Ọmọ Aláṣọ

Pọ́n-ùn mẹ́ta, ṣílè méje, kọ́bọ̀ mẹ́fà, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní sísì. Ogún ṣílè ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan, kọ́bọ̀ méjìlá ló ń jẹ́ ṣílè kan, lẹ́tà "d" ló sì dúró fún kọ́bọ̀ nígbà náà. Tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta. Tí wọ́n bá kọ 7/6, ṣílè méje àti sísì ni. 7/- jẹ́ ṣílè méje géérégé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á ro ó pọ̀ bíi náírà, á ka ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ sí ṣílè. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di kọ́bọ̀ àtijọ́ ná: pọ́n-ùn kan jẹ́ 240. £3 7s 6d wá jẹ́ 720 pẹ̀lú 84 pẹ̀lú 6, àpapọ̀ 810. Nígbà tí náírà dé ní 1973, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá tuntun. Ẹ má gbìyànjú láti sọ ọ́ di owó òní nínú ìwé yín. Iye tí ọjà mìíràn jẹ́ lọ́dún kan náà ni kí ẹ fi wé e.

Ìyá Ìsọ̀kùn

Gbogbo èyí dáa, ṣùgbọ́n Akọ̀wé béèrè obìnrin. Ta ló ń bójú tó ilé nígbà tí aláṣọ wà ní Àkókó fún oṣù mẹ́ta?

Bí ẹ bá wá obìnrin lọ sínú ìwé owó orí, ọkùnrin ló kún ibẹ̀. Ìwé ìrìbọmi á ní "ìyá ọmọ", nígbà míì pẹ̀lú orúkọ ìsàmì nìkan, Ṣárà tàbí Ẹ́sítérì, kò sí bí ẹ ṣe máa mọ Ẹ́sítérì wo ni. Ibi tí obìnrin ti ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ara rẹ̀ ni ìwé kóòtù ìbílẹ̀. Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ bíi yanrìn. Obìnrin ló sábà máa ń pè é, kóòtù á sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá owó ìdána padà fún ọkọ àkọ́kọ́. Nínú ìpínrọ̀ kékeré kan, ẹ lè rí orúkọ obìnrin náà, ti ọkọ, lọ́pọ̀ ìgbà ti bàbá rẹ̀ àti ti ọkọ tuntun, àdúgbò wọn, iye owó àti ọjọ́ tó pé. Bí obìnrin náà bá sọ pé òun ló ń bọ́ ara òun, ó lè dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀: aláró, ahunṣọ kíjìpá, alájàpá, alárobọ̀.

Ẹ ṣọ́ra o. Ọmọ-ọmọ obìnrin yẹn ṣì wà láàyè ní Iléṣà. Orúkọ àti iṣẹ́ ni kí ẹ mú, ẹ fi ẹ̀sùn sílẹ̀ níbi tó wà. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ ẹjọ́ jáde, ẹ lọ gba àṣẹ nílé wọn.

Géndé Kòkó

Kí n bá Ìyá fi ti alárobọ̀ kún un. Ẹ má kọ "àgbẹ̀ kòkó" kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Láti inú oko dé Èkó, èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà ló fọwọ́ kan àpò kan ṣoṣo, iṣẹ́ wọn kò sì jọra.

Wọ́n ka Àjímókò Kìíní mọ́ àwọn tó kọ́kọ́ gbé kòkó wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìyẹn ti wà nínú ìwé yín. Àwọn tó gbìn ín, tó sè é, tó sá a, ni ẹ kò ní. Sísè kòkó, kì í ṣe lórí iná o: wọ́n á kó èso tútù jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi ewé bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, wọ́n á máa yí i kí ooru lè kárí. Lẹ́yìn náà ni sísá, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan bí oòrùn bá mú, jù bẹ́ẹ̀ lọ bí òjò bá ń dí i lọ́wọ́. Ẹni tó ń kánjú gba owó á gé ìgbà sísè kúrú.

Ibẹ̀ ni gírédà ti ń mú un. Á bu kòkó láti inú àpò, á ka ọgọ́rùn-ún hóró, á là wọ́n sí méjì lóòró. Inú tó bá ṣú bí eérú, tí kò fọ́ sí wẹ́wẹ́, kò sè. Inú tó bu, kò gbẹ kí wọ́n tó dì í. Ihò, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Iye tó bá bàjẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún ló ń sọ bóyá àpò náà wọ ipò kìíní tàbí ipò tó rẹlẹ̀, tàbí kí olówó kó o padà lọ tún sá. Àpò kan jẹ́ 140 páùn, àpò 16 ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Kòkó tútù wúwo, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ta á kó tó gbẹ. Ìwọ̀n tí wọ́n yí ojú rẹ̀ padà ni àwọn kan tó ń rà á fi ń san ẹ̀san fún wọn.

Alárobọ̀, tó ń lọ láti àgọ́ dé àgọ́ pẹ̀lú abọ́, kò sí nínú ìwé. Orúkọ oníwọ̀n wà lórí ìwé àṣẹ. Gírédà wà nínú ìwé owó oṣù ìjọba. Awakọ̀ lọ́rì wà nínú ìwé láísẹ́ǹsì. Lébìrà Ìgbìrà tó ro oko, orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan àfi lẹ́nu ọmọ olóko. Ẹni tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lọ bá nìyẹn, torí ẹnu yẹn kò ní pẹ́ dákẹ́. Ìwé ìjọba lè dúró dè yín.

Ará Òkè-Oyè

Ẹ fi awakọ̀ ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà kún un. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí wòlíì, iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ló kọ́ kó tó di awakọ̀ ẹ̀rọ fún P.W.D., iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ọ̀nà. Ní oṣù kẹwàá 1928, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, lẹ́bàá Ìkéjì-Arákejì, nígbà tí ẹ̀rọ náà dúró. Ibẹ̀ ló ti sọ pé òun gbọ́ ìpè. Ní oṣù keje 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oyè, níbi tí àwọn àgbà ìjọ Faith Tabernacle ti ń ṣèpàdé.

Ọ̀dọ́ Bólórundúró

Ẹ̀gbọ́n, wòlíì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì kọ́ ni a ń pè ní mẹ̀kúnnù.

Ará Òkè-Oyè

Òótọ́ ni, ìdí tí mo fi mú un wá gan-an nìyẹn. Ìtàn rẹ̀ nìkan ló jẹ́ ká mọ̀ pé irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń béèrè. Ooru omi ló ń wà á. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dáná sí i ní ìdájí kí ooru tó lè gbé e níṣẹ̀ẹ́ òwúrọ̀. Ẹnì kan ń pọn omi, torí bí omi inú ìkòkò rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, òjé tí wọ́n fi dí ihò ààbò á yọ́, ooru á tú jáde, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn parí. Ìdí nìyẹn tí àgọ́ P.W.D. kì í fi í jìnnà sódò. Níwájú ẹ̀rọ ni àwọn tó ń ru yangí wà, tó ń tẹ́ ẹ kí àárín ọ̀nà ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ, kí omi lè ṣàn sí gọ́tà. Yangí gbọ́dọ̀ rin díẹ̀ kí ẹ̀rọ tó gùn ún: bó gbẹ jù, kò ní dì, bó tutù jù, á lẹ̀ mọ́ irin. Olórí lébìrà ló ń mọ èyí lójú, láìwọ̀n ọ́n.

Orúkọ awakọ̀ kan la mọ̀ nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí. Ẹ bi àwọn ará abúlé tó wà lójú ọ̀nà yẹn pé ta ló ṣe olórí lébìrà nílé wọn. Orúkọ oyè yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn títí ikú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà Ìmẹ̀sí

Ẹ kò tíì dárúkọ ilé ìwòsàn. Wesley Guild tó jẹ́ ti Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà, gbogbo èèyàn mọ àwọn dókítà òyìnbó ibẹ̀. Èyí tí ayé ṣì ń lò dòní jáde láti Ìmẹ̀sí-Ilé ní apá ìparí àwọn ọdún 1950 sí 1959, lọ́wọ́ Dókítà David Morley àti àwọn nọ́ọ̀sì àti ìyá ọmọ tí wọn kì í dárúkọ: káàdì ìwọ̀n ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn, ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ẹ lè mọ iṣẹ́ tí ẹni tó mú un lọ́wọ́ ṣe. Ìlà méjì tó tẹ̀ bí ọrun ló wà lórí rẹ̀, oṣù wà nísàlẹ̀, ìwọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ọ̀sì á kọ oṣù tí wọ́n bí ọmọ sínú àpótí kìíní, á sì ka oṣù yòókù tẹ̀ lé e. Lóṣooṣù á wọn ọmọ, á fi àmì kan sí i, á so ó mọ́ ti oṣù tó kọjá. Bí ìlà náà ṣe ń lọ ló ṣe pàtàkì ju ibi tó wà. Ọmọ kékeré tí ìlà rẹ̀ ń gòkè, ara rẹ̀ le. Ọmọ sísanra tí ìlà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ fún oṣù méjì, ẹ wá ohun tó ń ṣe é kí èéyi tàbí ìgbẹ́ gbuuru tó dé bá a. Ìyá ló ń tọ́jú káàdì náà nílé, nínú ọ̀rá tó le. Àwọn kan rò pé ìyá tí kò mọ̀wé á sọ ọ́ nù. Ilé ìwòsàn ló ń sọ tirẹ̀ nù jù wọ́n lọ.

Àṣìṣe ibẹ̀ ni ìwọ̀n tí wọn kò dá padà sí òdo, aṣọ tí wọn kò bọ́, àti oṣù ìbí tí wọ́n gbà gbọ́ láìwádìí. Ti ìkẹyìn ló burú jù, torí gbogbo káàdì á yẹ̀ kúrò lórí ìdí rẹ̀. Wọ́n fi ọjọ́ ọdún ìbílẹ̀, ìgbà iṣu tuntun àti ìgbà kòkó bá ìyá wá oṣù tó bímọ. Ẹ lè rí irú káàdì bẹ́ẹ̀ nínú àpótí àwọn ìyá àgbà.

Bàbá Àkájọ

Ọgbọ́n Nọ́ọ̀sì yẹn náà ni kí ẹ fi wá ọdún ìbí àwọn àgbà. Ẹ má béèrè ọjọ́ orí. Ẹ béèrè pé: ṣé wọ́n ti bí bàbá nígbà tí Ògèdèngbé kú? Ṣé ó ti ń rìn nígbà lúkúlúkú? Ìyẹn àjàkálẹ̀ àrùn 1918. Ṣé ó ti lọ wo Babalọlá ní Òkè-Oyè, àbí wọ́n pọ̀n ọ́n lọ ni? Ṣé ó ti fẹ́yàwó nígbà ogun Hitler tí iyọ̀ wọ́n? Ìdáhùn méjì tó bára mu á fún yín ní àlàfo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ kọ àlàfo náà sílẹ̀ bó ṣe rí. Ọjọ́ orí tó parí sí 0 tàbí 5 nínú ìwé ìrìbọmi àgbàlagbà, àlùfáà ló fojú díwọ̀n rẹ̀.

Ní ti ìwé ìjọba, inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ wà. Ẹ mú lẹ́tà ẹgbẹ́ lọ, kí ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ béèrè ìwé atọ́ka fún "Ile Div" (fáìlì ẹkùn Iléṣà) àti "Oyo Prof" (fáìlì ìgbèríko Ọ̀yọ́). Ẹ béèrè méjèèjì o. Lẹ́yìn 1914, abẹ́ Ọ̀yọ́ ni òyìnbó fi Iléṣà sí, Ross, aláṣẹ òyìnbó tó jókòó níbẹ̀ títí di 1931, sì ń gba lẹ́tà nípa wa, nítorí náà ọ̀rọ̀ Iléṣà wà nínú fáìlì Ọ̀yọ́. "Ilesha", "Ijesha", "Oshogbo" ni wọ́n ń kọ, pẹ̀lú h, láìsí àmì kankan. Orúkọ èèyàn náà, bí akọ̀wé bá ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Ẹ ka á sókè kí ẹ tó sọ pé kò sí níbẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ mú lọ, ẹ fi báírò sílé. Ẹ kọ nọ́ńbà fáìlì kí ẹ tó kọ ohunkóhun láti inú rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí kò ní nọ́ńbà, ẹ ò ní rí i mọ́ lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá ní irọ́ ni.

Ọmọ Aláṣọ

Ibojì ńkọ́, Bàbá? Ti ìjọ Ọ̀tápẹ̀tẹ̀ àti ti ìjọ Ìlórò.

Bàbá Àkájọ

Ẹ lọ ní òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, lẹ́tà tó ti parẹ́ á hàn. Omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nìkan. Ẹ má fi wáyà ha á, ẹ má fi ẹfun kùn ún. Ẹ wò ó bóyá símẹ́ńtì rẹ̀ tuntun ju ọdún tó wà lára rẹ̀ lọ. Ibojì tí àwọn ọmọ tún kọ́ lẹ́yìn ogójì ọdún máa ń fi ọdún kún ọjọ́ orí bàbá wọn. Kò sẹ́ni tó kú ní ẹni àádọ́rin nílẹ̀ yìí, ọgọ́rùn-ún ó lé ni gbogbo wọn.

Akọ̀wé Ìjọ̀kà

Ẹ ṣeun gan-an o, ẹ̀yin àgbà. Báyìí la máa ṣe: orúkọ, iṣẹ́ gangan, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ọ̀nà tàbí àgọ́ tó ti ṣiṣẹ́, àlàfo ọdún, àti ibi tí a ti gbọ́ ọ. Ẹni tí a kò bá rí orúkọ rẹ̀, a máa kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Géndé Kòkó, àwọn ọmọ olóko la máa kọ́kọ́ lọ bá. Apá wo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Géndé Kòkó

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá Ìpẹtu-Ìjẹ̀ṣà, kí ìkórè tó dé ni o. Láti oṣù kẹwàá, ẹ ò ní bá ẹnì kankan nílé.